Àmì Kẹtàdínlógún

Ẹlẹ́rìí dé orí àmì kẹtàdínlógún, ó sì dákẹ́.

Ìbíwùmí Adégoróyè gbójú sókè. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ tí wọ́n ti jókòó, ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìí náà kò tíì dákẹ́ ju ìgbà téèyàn fi ń dá itọ́ mì lọ. Ńṣe ló ń ka ìwé ìtàn tí Ìbíwùmí kọ lójúewé-lójúewé, tó ń yẹ àwọn àmì tí wọ́n fi ń mú ọ̀daràn inú rẹ̀ wò, tó ń sọ pé, "Àmì yìí dúró," "Èyí náà dúró," pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tí àwọn olùkọ́ jẹ́léósinmi máa ń lò fún ọmọ tó fẹ́ sunkún. Mẹ́rìndínlógún ti dúró. Ìbíwùmí ti ń ro ohun tó máa jẹ lọ́sàn-án.

"Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?" ló béèrè.

Ọ̀gbẹ́ni Láníyọnu, alábòójútó Ilé Àyẹ̀wò Ìwé Ọmọdé, mi orí. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni, ó yọkùn díẹ̀, àánú ojú rẹ̀ sì pọ̀ ju èyí tó yẹ òṣìṣẹ́ ìjọba lọ. "Kì í bàjẹ́, Àǹtí. Ó lọ wádìí ni."

Ìbíwùmí wo ojú kan ṣoṣo tó wà láàárín ẹ̀rọ náà. Ó rí róbótó lára ògiri bí igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, bí èyí tó wà ní pálọ̀ rẹ̀ nílé ṣe rí gan-an, àti èyí tó wà ní ilé ìdáná, àti èyí tó wà lórí àtẹ̀gùn gbogbo ilé tó wà nínú Odi, ògiri gíga tó ń dá òkun dúró yí ìlú ká. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n ti kàn án mọ́ ògiri àwọn ará ìlú. Àwọn èèyàn ti jókòó tì í títí tí wọn kò fi rí i mọ́, bí èèyàn kì í ti í rí imú ara rẹ̀.

Ìwé kan ló kó àwọn òǹkọ̀wé ọmọdé sí wàhálà. Ìwé náà sọ fún àwọn ọmọ pé ẹni tí kò bá lè wo èèyàn lójú, olè ni. Kò pé oṣù kan tó jáde tí àwọn ọmọ Òpópó Kẹsàn-án fi wọ́ bàbá arúgbó kan tó ní àrùn ojú lọ bá àwọn ẹ̀ṣọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni bàbá ọ̀hún fi wà látìmọ́lé kí wọ́n tó rí dókítà rẹ̀. Bí òfin ṣe jáde nìyẹn: àmì tó bá ń parọ́ kò gbọdọ̀ wọ inú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ọmọdé máa kà. Bí o bá kọ ọ́ pé ẹni tó jẹ iyán láàárọ̀ kì í tètè pebi, Ẹlẹ́rìí á lọ wo gbogbo ẹni tó jẹ iyán nínú ìlú, á sì wá bá ọ sọ ohun tó rí. Òǹkọ̀wé mẹ́jọ ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ ta ẹja. Ìbíwùmí kò lọ. Òun fẹ́ràn kí ohun tí òun bá kọ jẹ́ òótọ́, ó sì máa ń fi ṣe fáàrí díẹ̀.

Àmì kẹtàdínlógún yìí gan-an ló sì fẹ́ràn jù. *Ọkùnrin Tó Ní Òun Ni Àbíkẹ́yìn* ni àkọlé ìwé náà, ọdún mẹ́ta ló fi kọ ọ́. Ọkùnrin kan dé sí agbo ilé kan lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, ó ní òun ni Àlàó, àbíkẹ́yìn ilé tí gbogbo ayé rò pé omi ti gbé lọ. Ó mọ ibi tí kànga wà. Ó ní àpá lẹ́sẹ̀. Àwọn àgbà sunkún, wọ́n fún un ní yàrá. Kíkẹ́lọmọ, ọmọ ọdún mẹ́wàá, nìkan ni kò sunkún. Ìbéèrè kan péré ló bi ọkùnrin náà: nígbà tí ẹ wà ní kékeré, kí ni Ìyá Àgbà máa ń pè yín bí wọ́n bá fẹ́ rán yín níṣẹ́? Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Orúkọ mi náà ni. Àlàó." Ni Kíkẹ́lọmọ bá sá jáde lọ pe àwọn ẹ̀ṣọ́. Nítorí ọmọ ọdún márùn-ún ni Àlàó nígbà tí wọ́n gbé Ìyá Àgbà wọlé níyàwó, ìyàwó kì í sì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́. Ẹni tó ṣáájú rẹ̀ dé ilé, ọkọ ló jẹ́ fún un. Orúkọ àpọ́nlé ló máa fún un, Adúmáradán, Ìbàdí-Àrán, Opélengé, ohun tó bá ṣáà rí lára rẹ̀.

Ẹnu ìyá rẹ̀ ni Ìbíwùmí ti gbọ́ àṣà yìí, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí wọ́n jọ ń bó ẹ̀gúsí.

"Mo ti dé," Ẹlẹ́rìí wí. "Mo yẹ àmì kẹtàdínlógún wò nínú ilé ẹgbẹ̀rún mẹ́rin tí àwọn ìyàwó bẹ́ẹ̀ ṣì wà. Ẹni tí ìyàwó kò bá pe orúkọ rẹ̀ rí, ó bá a nílé ni. Bẹ́ẹ̀ ló rí nínú gbogbo ilé náà, àyàfi ẹyọ kan."

"Ẹyọ kan nínú ẹgbẹ̀rún mẹ́rin!" Ẹ̀rín pa Ìbíwùmí. "Ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó ilé wo ló fẹ́ ba iṣẹ́ mi jẹ́, kí n tètè lọ bẹ̀ ẹ́?"

"Ìyá yín ni."

Ọ̀gbẹ́ni Láníyọnu gbé gègé rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìyá yín, Tẹniọlá Adégoróyè, kì í pè yín lórúkọ," Ẹlẹ́rìí ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Eyínafẹ́ ló ń pè yín. Bẹ́ẹ̀, ìwé ìbí yín sọ pé òun ló bí yín. Ìyá kì í bá ọmọ tó bí nílé."

Ìbíwùmí tún rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín tibí yìí kò dé ọ̀fun. "Orúkọ ìkẹ́ ni. Ṣé ìyá kan ò lè fi orúkọ ìkẹ́ pe ọmọ rẹ̀ mọ́ ni? Gbogbo ìyá ló ń ṣe é."

"Gbogbo ìyá ló ń ṣe é. Wọ́n sì tún ń pe orúkọ ọmọ wọn. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti wà lára ògiri ilé yín. Ìyá yín kò pe Ìbíwùmí rí, kódà lẹ́ẹ̀kan."

Ó ya ẹnu láti sọ pé irọ́ ni. Ó wá ìgbà kan ṣoṣo, ọ̀kan péré, tó lè fi já ẹ̀rọ náà nírọ́, kò rí. Nígbà tó jábọ́ lórí àtẹ̀gùn lọ́mọ ọdún méje, tí ẹ̀jẹ̀ bo ojú rẹ̀, "Eyínafẹ́!" ni ìyá rẹ̀ kígbe. Nígbà tó gba ẹ̀bùn nílé ìwé, "Eyínafẹ́ mi dà?" Nígbà tó sọnù ní èbúté, tí ẹni tó ń kéde bi ìyá rẹ̀ pé kí ni orúkọ ọmọ, ìyá rẹ̀ kò sọ ọ́; ó gba bébà, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ìbíwùmí ti fi ìtàn bébà yẹn pa àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́rìn-ín láìmọye ìgbà. Ìyá mi ò lè pariwo láàárín èrò, bẹ́ẹ̀ ló máa ń sọ ọ́.

Ó di etí tábìlì mú bí ẹni tí ọkọ̀ ojú omi ń gbé fì.

"Yálà àmì yín parọ́, tàbí ìwé ìbí yín parọ́," Ẹlẹ́rìí wí. "Àwọn méjèèjì kò lè dúró pọ̀. Mò ń retí èsì kí ilẹ̀ ọjọ́ òní tó ṣú."

Láníyọnu ló tẹ̀ lé e jáde dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò wulẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. Kí ló fẹ́ rẹ ohùn sílẹ̀ fún, nígbà tí ojú mìíràn tún wà lókè orí wọn? "Àǹtí, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè fọwọ́ sí i pé irọ́ ni àmì yín. Wọ́n á pa ìwé náà rẹ́, wọ́n á gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ yín, ẹ ò sì ní kọ̀wé fún ọmọdé mọ́ láéláé. Ìyá yín á máa jẹ iṣu wọn nílé, ẹnikẹ́ni ò ní bi wọ́n ní nǹkan kan."

"Ìkejì ńkọ́?"

"Kí Màmá fúnra wọn wá. Ohun tí Ẹlẹ́rìí bá gbọ́ nílé, ìfura lásán ni lójú òfin. Ohun tí èèyàn bá fẹnu ara rẹ̀ sọ níwájú rẹ̀ níbí, ẹ̀rí ni. Wọ́n á jókòó sórí àga, wọ́n á pè yín lórúkọ, ọ̀rọ̀ tán." Ó fi ọwọ́ ra ojú. "Bí wọn ò bá lè pè é, ayédèrú ìwé ìbí nìyẹn. Ẹ mọ ibi tí wọ́n ń kó ẹni tó bá ṣe ayédèrú ìwé ìbí lọ."

Ó mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn Odi ni. Kò sí ilé níbẹ̀, àfi omi àti àwọn òrùlé tó yọrí nínú omi. Kò sì sí ẹni tó ti ibẹ̀ wọlé padà rí.

"Mẹ́ta ni mo ti rí tó jókòó sórí àga yẹn látìgbà tí mo ti wà níbí," Láníyọnu wí. "Àgbàlagbà bíi Màmá yín. Ẹ̀rọ ní kí wọ́n pe orúkọ kan ṣoṣo tí wọn ò pè rí. Ẹnu wọn ò gbé e, Àǹtí. Wọ́n mọ ohun tó ń dúró dè wọ́n lẹ́yìn Odi o, síbẹ̀ ẹnu wọn ò gbé e."

Ìyá ń bó ẹ̀gúsí lẹ́bàá fèrèsé nígbà tí Ìbíwùmí wọlé. Ó ti pé ọmọ ọdún márùndínláàádọ́rin, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ sì mú ju ti ẹ̀rọ ògiri lọ.

"Eyínafẹ́, o ò pẹ́. Kí ló dé tí ojú rẹ rí báyìí?"

Ìbíwùmí gbọ́ orúkọ náà bí ẹni pé ẹnì kan sọ ọ́ lókò. Ogójì ọdún lé kan ló ti ń jẹ́ ẹ, kò sì yé e rí títí di òní pé àpọ́nlé ni. Ó fẹ́ bi ìyá rẹ̀ léèrè níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ojú tó wà lára ògiri ń wò ó.

"Ẹ jẹ́ ká lọ gba atẹ́gùn lórí Odi, Ìyá."

Kò sí ará ìlú tí kò mọ ìtumọ̀ ìyẹn. Ìyá wo ojú rẹ̀, ó gbé àtẹ sílẹ̀, ó wọ bàtà.

Òkun ń na Odi lọ́rẹ́ tọ̀sán-tòru, ariwo rẹ̀ sì ń bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí orí Odi kì í fi í ṣófo. Àwọn tọkọtaya tó fẹ́ jà ń wá síbẹ̀, àti àwọn tó fẹ́ fẹ́ra wọn láìjẹ́ pé bàbá ọmọ gbọ́, àti pásítọ̀ kan tí gbogbo èèyàn mọ̀, tí ẹnì kan ò sì ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn méjèèjì rìn títí wọ́n fi rí ibi tó dá. Ìbíwùmí dúró, ó sì sọ gbogbo rẹ̀: àmì kẹtàdínlógún, ilé ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, àga, ẹ̀yìn Odi. Ó sọ ọ́ tán láìmí.

"Ìyá, ṣé ẹ bí mi?"

Ó ń retí kí Ìyá bínú. Ká ní wọ́n bínú ni, ká ní wọ́n gbá a létí, ì bá dùn mọ́ ọn. Ìyá kò bínú. Ó wá ibì kan jókòó lórí òkúta Odi, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń sọ ẹrù kalẹ̀.

"Rárá," ló wí. "Mi ò bí ọ."

Ìbíwùmí ti mọ̀ láti inú ọ́fíìsì wá pé ohun tó máa gbọ́ nìyẹn, síbẹ̀ ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí omi iyọ̀ tó dárogún síbẹ̀, kò sì mọ̀ pé aṣọ òun ti rin gbingbin.

"Mopélọ́lá ni wọ́n ń pe ẹni tó bí ọ. Ibà ló pa á, kò ì tíì pé ogójì ọjọ́ tó bí ọ. O pé oṣù méje nígbà tí bàbá rẹ gbé mi wọlé. Eyín méjì péré lo ní, o wò mí, o rẹ́rìn-ín, mo ní, 'Eyínafẹ́.' Mo ti sọ ọ́ lórúkọ tèmi nìyẹn." Ìyá ń wo òkun. "Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni Omi Ńlá dé. Bàbá rẹ wà níbi iṣẹ́, lódìkejì. Mo gbé ọ pọ̀n, mo sáré dé èbúté. Ọkọ̀ tó kẹ́yìn ni. Sójà tó wà lẹ́nu rẹ̀ ní kò sẹ́ni tó máa wọ̀ ọ́ mọ́ àfi abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú. Ó ní kí n fi hàn án."

"Ìyá..."

"Mi ò bímọ rí. Ọmú gbígbẹ ni mo fi sí ọ lẹ́nu. O sì mu ún. O ò sunkún, ọmọ burúkú, o mu ún bí ẹni pé nǹkan wà níbẹ̀. Sójà náà wo wá títí, ó ní ká wọlé. Orúkọ mi ni wọ́n kọ sínú ìwé pé èmi ni ìyá rẹ."

Ìgbì kan lu Odi, omi ta sí wọn lára. Ìbíwùmí kò nù ún. Nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó ti ń jẹ ẹ́ lẹ́nu láti ìgbà tí ìyá ti sọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà, kò fẹ́ béèrè rẹ̀, ó sì béèrè rẹ̀.

"Ṣé èmi lẹ fẹ́ gbà là lọ́jọ́ náà, àbí ara yín?"

Ìyá yí ojú sí i. Ẹ̀rù ba Ìbíwùmí nítorí pé kò tíì rí ojú yẹn lára ìyá rẹ̀ rí.

"Mi ò mọ̀," ìyá wí. "Mi ò ráyè pín in sí méjì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi ara mi."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ dà bí ọ̀bẹ tó mú. Èèyàn kì í tètè mọ̀ pé ó ti gé òun. Ìbíwùmí jókòó, ó ń wo ọwọ́ méjì tó bó ẹ̀gúsí fún un jẹ látìgbà tó ti ní làákàyè, kò mọ̀ bóyá kó dì wọ́n mú ni tàbí kó jù wọ́n nù.

"Ẹ parọ́ fún sójà," ló wí nígbà tó yá. "Ẹ parọ́ fún ìjọba, ẹ parọ́ fún ìwé, ẹ parọ́ fún èmi gan-an fún ogójì ọdún lé kan. Orúkọ lásán lẹ ò wá lè pè? Ẹ ì bá ti pè é, Ìyá! Ta ni ì bá mọ̀?"

"Ìjọba ni mo parọ́ fún. Ìwọ náà, mo parọ́ fún ọ, kí Ọlọ́run forí jì mí." Ìyá fi ìka gún àyà ara rẹ̀. "Mo wá máa parọ́ fún ilé? Mo bá ọ níbẹ̀ ni! O ti wà nílé kí n tó dé. Ẹni tó sọ ọ́ ní Ìb..." Ó gbé e mì. "Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn wà lábẹ́ ilẹ̀, ó ń wò mí. Mo ti gba ọmọ rẹ̀. Kí n tún wá la ẹnu kí n sọ fún un pé kò ṣáájú mi rí?"

Ìbíwùmí fi ojú ara rẹ̀ rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dé ẹnu ìyá rẹ̀ tó sì padà. Ohun tí Láníyọnu sọ nìyẹn. Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀.

"Mò ń lọ fọwọ́ sí i pé irọ́ ni àmì náà. Ẹ máa lọ sílé."

"Ṣé irọ́ ni?"

"Kì í ṣe irọ́. Kí ló kàn mí? Ìwé ni. Màá lọ ta ẹja."

"Jókòó." Ìyá kò pariwo, àmọ́ ohùn tó fi sọ ọ́ jẹ́ èyí tí Ìbíwùmí kò tíì kọ etí ikún sí rí. "Bí o bá fọwọ́ sí i, ẹ̀rọ yẹn á kọ ọ́ sílẹ̀ pé irọ́ ni. Àwọn ọmọ á máa dàgbà pé irọ́ ni. Gbogbo àwa tá a ti fi ẹnu wa bọ̀wọ̀ fún ilé ọkọ látìgbà ìwáṣẹ̀, tìtorí èmi nìkan, a di òpùrọ́. Èmi ni mo parọ́, kì í ṣe àṣà." Ó nawọ́ sí i. "Gbé mi dìde. Ọ́fíìsì náà jìnnà ni?"

"Ìyá, ṣé ẹ lè pè é?"

"Mi ò mọ̀."

Bí wọ́n ṣe ń lọ, Ìbíwùmí ń bẹ̀ wọ́n. Ó bẹ̀ wọ́n lórí Odi, ó bẹ̀ wọ́n lórí àtẹ̀gùn. Nígbà tí wọ́n dé òpópó, níbi tí ojú pọ̀ sí, kò lè bẹ̀bẹ̀ mọ́. Ìyá ń rìn lọ níwájú bí ẹni tó ń lọ gba àbẹ́rẹ́ àjẹsára.

Láníyọnu fa àga fún un, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Mà," ojú rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Ìyá jókòó. Ìbíwùmí dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn níbi tí wọ́n ní kó dúró sí, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri.

"Tẹniọlá Adégoróyè," Ẹlẹ́rìí wí, "ẹ pe ọmọ yín."

Ìyá ya ẹnu. Kò sí ohun tó jáde.

Ó pa ẹnu dé, ó tún yà á. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. Bí ìṣẹ́jú kan kọjá. Láníyọnu ti kọjú sí fèrèsé. Nínú ọkàn Ìbíwùmí, ohun kan ń pariwo pé kó sáré lọ fọwọ́ sí ìwé wọn, kó gba gbogbo ẹ̀, kó sọ pé òpùrọ́ lòun, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí obìnrin yìí dìde lórí àga yẹn. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan nígbà tí ìyá dìde fúnra rẹ̀, tó sì kúnlẹ̀.

Ìkúnlẹ̀ gidi ni, orúnkún méjèèjì, àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì nílẹ̀. Kò kọjú sí Ẹlẹ́rìí. Kò kọjú sí Láníyọnu. Ilẹ̀ gan-an ló tẹjú mọ́.

"Kí ni ẹ ń ṣe?" Ẹlẹ́rìí béèrè.

"Ẹsẹ̀ ló rọ̀ mí," ìyá wí.

Ìbíwùmí nìkan ló mọ ẹni tí wọ́n kúnlẹ̀ fún. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ìyá wà níbẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de èsì. Lẹ́yìn náà ló gbé orí sókè, ó wo ọmọbìnrin tó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó sì sọ ọ́, kedere, láìkọsẹ̀:

"Ìbíwùmí."

"Ta lẹ ń pè?"

"Ọmọ mi."

"Àmì kẹtàdínlógún dúró," Ẹlẹ́rìí wí pẹ̀lú ohùn jẹ́léósinmi rẹ̀. "Ìwé ìbí dúró. Mò ń lọ sórí àmì kejìdínlógún."

Láníyọnu fi òǹtẹ̀ lu ìwé, òǹtẹ̀ náà sì wọ́. Ó gbé Ìyá dìde. Ojú rẹ̀ kún fún omi, ó kàn ń dọ̀bálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ọmọdé tí wọ́n fún ní nǹkan. Ẹlẹ́rìí ka àmì kejìdínlógún, ó ka ìkọkàndínlógún, ó ka ogún. Gbogbo rẹ̀ dúró. Ìbíwùmí kò gbọ́ ọ̀kankan níbẹ̀. Orúkọ ara rẹ̀ ló ń ró nínú etí rẹ̀. Láti kékeré ni olùkọ́ ti ń pè é bẹ́ẹ̀, dókítà ń pè é bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ìwé méje ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí, síbẹ̀ kò dún bẹ́ẹ̀ rí. Ó ti jèrè ìwé rẹ̀, ó ti jèrè ìyá rẹ̀, ó sì ń ṣe é bíi pé ilé wó. Orúkọ tí wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà ti tán. Etí pọ̀ nílé ju kí ẹnikẹ́ni tún máa pè é ní Eyínafẹ́ níbẹ̀ lọ.

Orí Odi ni wọ́n gbà padà sílé. Ìbíwùmí ló yàn án bẹ́ẹ̀, òun nìkan ló sì mọ ìdí rẹ̀. Níbẹ̀, òkun ń pariwo. Níbẹ̀, kò sí ẹ̀rọ tó lè gbọ́ ohun tí ìyá kan bá fẹ́ pe ọmọ rẹ̀. Ó rọra rìn síwájú díẹ̀ kí Ìyá lè rí ìdí láti pè é. Ó ń fi gbogbo ara retí orúkọ àtijọ́ náà.

Ìyá ti dúró sẹ́yìn, ó fọwọ́ mú orúnkún. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rí i pé kò sí ẹnì kan nítòsí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló pe, "Ìbíwùmí! Ìbíwùmí, dúró dè mí," kí ọmọ rẹ̀ tó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè.